Kí iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ìwé bá iṣẹ́ ìlú mu

Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àgbà nílé-ìwé girama kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, ó kéré tán, nínú 34. Ní 2025, wọ́n dín iye náà kù sí 6. Aṣọ rírán, ọ̀sìn ẹran, ọ̀gbìn, iná sólà àti títún fóònù ṣe wà lára wọn.

Ìgbésẹ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò tíì gbàgbé ètò 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ẹ̀rọ dé láti òkè òkun, olùkọ́ kò tó, iná kò sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà ló dípẹtà sínú àpótí. Lẹ́yìn 2011 pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kàn yan ẹ̀kọ́ tí kò gba irinṣẹ́. Àbájáde rẹ̀ kò fara sin: àwọn ọmọ ilẹ̀ Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé l'Ékòó ń wá láti lẹ táìlì, nígbà tí ọmọ onílé jókòó láìníṣẹ́.

Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé nílùú ló yẹ kí ilé-ìwé kọ́kọ́ wò. Ẹ̀kọ́ aṣọ rírán n'Ísẹ́yìn kò gbọdọ̀ yọ aṣọ òfì sílẹ̀. Ọ̀gbìn l'Óǹdó kò gbọdọ̀ fo kòkó. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì sanwó fún àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ìlú láti wá kọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ pé wọn kò ní ìwé ẹ̀rí. Ilé ni à á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.