Ààwẹ̀ Ọjọ́ 21, Àti 40 Lé E



Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí jẹjẹrẹ ọmú: láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, kí àyẹ̀wò rẹ̀ parí láàárín 60 ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiwa. Arábìnrin fọwọ́ kan kókó lọ́mú, wọ́n fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ 21. Kókó kò lọ, wọ́n fi 40 lé e. Ọjọ́ 61 ti lọ, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka 60 tirẹ̀!

Mo gbà pé Ọlọ́run ń woni sàn. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí aláàwẹ̀ má lọ rí dókítà? Síkáànì ọmú kò bèèrè bóyá èèyàn ti jẹun.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ẹ̀rọ. Mammogram ni wọ́n ń fi àwo méjì tẹ ọmú pẹlẹbẹ kí X-ray lè yà á. Ó lè dunni díẹ̀, kì í pẹ́, ó sì lè rí ohun tí ọwọ́ kò tíì lè kàn. Ṣùgbọ́n ọmú tó ki, bíi ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin, a máa funfun nínú àwòrán náà, jẹjẹrẹ a sì funfun. Bí ẹni ń wá adìyẹ funfun láàárín lékeléke ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin Nàìjíríà tó ń ní àrùn yìí kò tíì pé 50 ọdún. Ibẹ̀ ni síkáànì ti wúlò, irú èyí tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún. MRI wà fún àwọn tí àrùn náà ń jà gan-an nínú ìdílé wọn, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àwòrán nìkan kì í dájọ́ o: wọ́n ní láti fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò.

Owó wá ni ìṣòro. A fẹ́ràn láti fi obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Máàkù orí 5 bú oníṣègùn. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé owó rẹ̀ ti tán, kò sì sí ará kankan tí a gbọ́ pé ó bá a san nǹkan kan. Ìjọ tó lè ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun lè san owó síkáànì àti ti abẹ́rẹ́ fún opó. Kí ẹ̀ka ìrànwọ́ wa ya owó náà sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí àwọn ìyá ìjọ sì máa bá arábìnrin náà lọ. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, bí ẹ bá ti gbé ọwọ́ lé e lórí tán, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni yóò lọ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.