Kí A Tó Lọ sí Róòmù, Ẹ Jẹ́ Kí A Dé Èkó

Ní àdúgbò wa ní Ṣàgámù, bí ènìyàn bá ti Jerúsálẹ́mù dé, orúkọ rẹ̀ á yí padà. Wọ́n á fi lẹ́tà méjì kan, JP, kún un, ẹ ó sì máa rí i nínú gbogbo ìwé ìpè ìgbéyàwó tí orúkọ rẹ̀ bá wà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí Jésù rìn, ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ló ń sọ ìrìnàjò di mímọ́, pé kò sí ohun kankan nílẹ̀ wa tó yẹ kí ọmọ ìjọ Kátólíìkì lọ wò. Irọ́ ni, èmi náà sì gba irọ́ yìí gbọ́ títí di ọdún tó kọjá.

Ọdún mẹ́ta ni bàbá mi fi dá àjọ kí àwọn àti ìyá mi lè lọ sí Róòmù. Nígbà tí dọ́là gbówó lórí, owó náà kò tó ẹnì kan pàápàá mọ́. Inú wọn bàjẹ́. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ló wá sọ pé, "Ẹ ò tíì dé Lántòrò, ẹ ń wá Róòmù." A rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ránṣẹ́ pe kátíkísìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ìjọ wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, pé kí wọ́n wá mú wa lọ. Àwa mẹ́fà wọ ọkọ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan, ó di Abẹ́òkúta. Gbogbo owó tí a ná kò tó ìdá mẹ́wàá owó àjọ bàbá mi.

Ní Lántòrò, ọsibítù Sacred Heart ni a kọ́kọ́ dé. Àlùfáà Faransé kan, Fáda Jean-Marie Coquard, ló dá a sílẹ̀ ní 1895. Mo ti kọjá níwájú rẹ̀ rí, mo rò pé ọsibítù bí òmíràn ni. Bàbá Tíṣà yìn Fáda náà gidigidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wá pé, "Ṣé Fáda nìkan ló ṣe é? Ta ló ń pọn omi? Nígbà tí aláìsàn bá sọ ibi tó ń dùn ún lédè Ẹ̀gbá, ta ló ń túmọ̀ rẹ̀?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú wa.

Ní ọjọ́ Àìkú, a gba Máàsì ní kàtídírà Holy Cross ní Èkó. Lẹ́yìn Máàsì, Bàbá Tíṣà sọ fún wa pé kí àlùfáà kankan tó máa gbé ní Èkó, ẹrú kan tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ. Kò gba oyè àlùfáà, àwọn ènìyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló ń darí àdúrà, òun ló ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ. Nígbà tí Fáda Francesco Borghero dé Èkó ní 1863, ìjọ ló bá níbẹ̀. Ó di 1868 kí Fáda Pierre Bouche tó wá máa gbé láàárín wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó kọ́ ti òní, èyí tó parí ní 1939, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wá láti Bùràsíìlì ló kọ́ ọ, Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre.

Bàbá Tíṣà bi mí pé, "Kí ni Yorùbá ń pe ìjọ wa?" Mo ní, "Ìjọ Àgùdà ni, sà." Wọ́n ní, "Ta ni Àgùdà?" N kò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, a bí mi sínú ìjọ náà, n kò mọ̀! Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé, ni Àgùdà. Faransé ló pọ̀ jù nínú àwọn Fáda ìgbà náà, síbẹ̀ àwọn baba wa kò pe ìjọ yìí ní ìjọ Faransé. Ẹni tó gbé ìgbàgbọ́ náà la òkun kọjá padà wálé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwa tó kàwé ni a gbàgbé.

Àwọn kan á ní kò sí Póòpù tó pe ilẹ̀ wa ní ilẹ̀ ìrìnàjò mímọ́. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kúrò ní Róòmù wá sí Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀, ìlú tí Borghero gúnlẹ̀ sí ní 1861. Ibẹ̀ ló ti fọwọ́ sí ìwé tó kọ sí ìjọ Áfíríkà. Bí Póòpù bá lè wá, kí ló ń dá wa dúró? Àwọn mìíràn á ní ìtàn kì í gba ọkàn là. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbàgbọ́ wa kọ́ wa pé àwọn tó kú nínú Olúwa ṣì jẹ́ ara ìjọ. Báwo ni a ṣe fẹ́ gbàdúrà pẹ̀lú àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí. Nígbà tí a ń padà bọ̀ sí Rẹ́mọ, Bàbá Tíṣà ń sọ bí Ìjẹ̀bú ṣe ti ọ̀nà mọ́ àwọn òyìnbó títí di ogun Ìmágbọ̀n ní 1892, àti bí ìgbàgbọ́ ṣe wọ abúlé tiwọn lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ kọ́ bàbá àgbà wọn ní àdúrà. "Orúkọ rẹ̀ ni..." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ó ti bọ́ lọ́kàn àwọn. A ń retí títí a fi dé Ṣàgámù, wọn kò rántí. Màmá àgbà náà kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ìwé kankan tí a lè ṣí wò. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ Sátidé, àwòrán ara mi ni mò ń yà.

Ìjọ wa ń dáwó fún aṣọ ẹgbẹ́jọdá, a ń dáwó fún kàlẹ́ńdà, ìdúpẹ́ ọdọọdún kì í sì í yẹ̀. A kò tíì dáwó ra ìwé kan ṣoṣo tí a ó kọ orúkọ àwọn tó kọ́ wa ní àdúrà sí. Ìtìjú gbogbo wa ni, àti ti èmi náà. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì ti ẹ̀gbẹ́ àwọn kátíkísìtì àgbà, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ìdílé tó ń tọ́jú owó Róòmù kọ́kọ́ dé Lántòrò àti Èkó. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní gbogbo Sátidé, mo ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Tíṣà pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣì já gaara. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àgbà kan bẹ́ẹ̀ wà ní ìjọ tiyín. Ẹ tètè lọ.