Ìnira tàbí Ìnilára?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan wà tí àwọn aláṣẹ wa kì í jẹ́ kí ó pàdé lẹ́nu wọn: "hardship" àti "oppression". Èkíní dà bí ọ̀dá. Ó kàn dé ni, kò sí ẹni tí ó rán an. Èkejì kò lè ṣàìní olùṣe. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ yóò béèrè pé, "Ta ni ó ṣe é?" Abájọ tí ó fi jẹ́ èkíní ni ó kún inú ìkéde ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé etíkun Àgbádárìgì. Bí òkun bá ń ru, tí apẹja kò rí ọkọ̀ tì sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, "hardship" ni. Kò sí ẹni tí yóò pe òkun lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa. Wọ́n ní àwọn ń dènà ìrẹsì àti ìbọn. Ègùn tí ìyá rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́, tí ó ń tajà ní Àgbádárìgì, wá di arúfin lójú ọ̀nà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń tọ̀ kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàdéhùn ààlà ní 1889. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, àwọn aṣọ́bodè tún pàṣẹ pé kí epo bẹntiróòlù má dé ilé epo kankan tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ààlà. Nítorí onífàyàwọ́, gbogbo ìlú di afurasí. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kí a ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ohun tí a pàṣẹ rẹ̀ tí a sì fọwọ́ sí, ṣé òjò ni?

Àwọn kan yóò ní àgbẹ̀ onírẹsì nílò ààbò. Mo gbọ́. Ẹni tí ó dá a lójú pé ìdí òun dára kò yẹ kí ó sá fún orúkọ ohun tí ó ṣe.

Àwọn akéde wa ń tú "hardship" sí ìnira, wọ́n rò pé àwọn ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ohun tí ń ni ènìyàn lára ni. Ọmọ ìyá ni òun àti ìnilára. Bí ohun aláìní-olùṣe ni wọ́n ń wá, ìṣòro wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. "Hardship" náà ni a tún ń gbọ́. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Apẹja tí ń ra epo sẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ mọ ọjọ́ tí iye rẹ̀ yí padà, ó sì mọ ẹnu tí ó ti jáde.