Paraga Àárọ̀ Kò Lè Wo Ọtí Àná Sàn

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, pàápàá àwọn tó ń ta paraga lẹ́nu géètì ọjà wa. Ẹ má bínú sí mi. Ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà, owó kan náà là ń dá lóṣooṣù.

Ẹ wo ọjà wa láàárọ̀ Mọ́ńdè. Gbogbo ìnáwó tí wọ́n ṣe ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ojú àwọn èèyàn lẹ ó ti rí i. Orí ń fọ́ wọn, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, inú ń rú wọn, bí ẹnì kan bá pariwo díẹ̀, wọ́n á ní kó má fọ́ àwọn lórí. Àwọn ọmọ ìgbàlódé ń pè é ní háńgóvà. Àwa ń sọ pé ọtí àná ò tíì dá lójú ẹni. Kì í sì í ṣe awakọ̀ àti alábàárù nìkan o. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa, àwa tí à ń wọ aṣọ ẹbí náà, a kì í fi gbogbo ìgò orí tábìlì sílẹ̀ fún ọkùnrin.

Oògùn tí à ń tà fún un gan-an ló ń dùn mí. Awakọ̀ á dé láago 5 ìdájí, á ní, "Ìyá, ẹ bu ife kékeré kan fún mi, kí ojú mi lè dá." Ìyá á bù ú. Kò ní pẹ́, orí tó ń fọ́ á rọlẹ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n á dúró, á wá máa dúpẹ́. Wọ́n á ní oògùn ni. Oògùn kọ́! Ọtí tuntun ló lọ bo ti àná mọ́lẹ̀. Bí ẹni tó lọ yá owó èlé láti fi san owó èlé ló rí. Gbèsè ò tán, ó kàn sún ọjọ́ síwájú ni, èlé sì ń gun orí èlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, ṣebí ìṣirò niṣẹ́ wa. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá ara palẹ̀ ọtí mọ́, ẹ̀dọ̀ kì í sì í kánjú. Ìgò bíà ńlá kan máa ń gbà á tó wákàtí 2 sí 3. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láago 8 alẹ́ tó mu ìgò 5, wákàtí 10 sí 15 nìyẹn. Bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá yá, aago 6 àárọ̀ ló máa parí. Bí kò bá yá, ó di aago 11. Láago 5 tó fẹ́ gbé ọkọ̀ yìí, ọtí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó sùn bí kò sùn. Òun la tún wá bu paraga lé lórí, tá a di èlùbọ́ sí i lọ́wọ́, tá a sì kó ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́ta sí iwájú ọkọ̀, ó di ọ̀nà Ìsẹ́yìn! Omi tútù tí wọ́n ń dà sórí, kọfí, orógbó, kò sí èyí tó lè mú ẹ̀dọ̀ sáré. Kọfí lè lajú ẹni, ṣùgbọ́n ọtí ò tìtorí ẹ̀ kúrò lára.

Àwọn mìíràn, kẹ́míìsì ni wọ́n ń gbà lọ. Parasitámọ̀ tí wọ́n ń dà sẹ́nu, ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló máa gbé e, ẹrù lórí ẹrù ni fún ẹni tó ti mutí púpọ̀. Alábukùn táwọn ìyá wa àgbà fẹ́ràn, ásípírínì wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ta ikùn. Ikùn tí ọtí ti bó tẹ́lẹ̀, ó lè dọgbẹ́, ó lè ṣẹ̀jẹ̀. Epo pupa táwọn kan ń rọ sí ẹni tó ti yó lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀. Ẹni tí ò mọ ara rẹ̀ mọ́, ohun tẹ́ ẹ bá rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí èébì má baà há a lọ́fun, kẹ́ ẹ sì wá dókítà.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́? Títí di òní, kò sí oògùn kankan táwọn dókítà fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń wò ó sàn. Àkókò ni, àti omi, àti oorun. Ọtí máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ ju iye omi tó mu lọ, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń gbẹ. Píọ̀ wọ́tà dára, omi àgbọn dára. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n kọ́ wa láti máa fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru náà dára: ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí kò gogo, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí, nínú lítà omi kan. Ẹ̀kọ gbígbóná náà ń tu inú lára. Ẹni tí ò bá fẹ́ kó ṣe òun rárá, kó jẹun kánú kó tó fẹnu kan ìgò, kó máa mu omi láàárín ìgò kan sí èkejì, kó sì dín iye ìgò kù. Ìyẹn nìkan ló dájú.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Àìsàn kan wà tó jọ ọtí àná, àmọ́ tí kì í ṣe é. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ṣú, wọ́n ò ríran mọ́, wọ́n dákú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ ni. Májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ló kú, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún náà, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de ògógóró lóṣù kẹfà. Ṣé ògógóró kọ́ la fi ń rẹ egbò tá à ń pè ní paraga ni? Ta nínú wa ló mọ ibi tí kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ti wá? Ẹni tójú rẹ̀ bá ń ṣú lẹ́yìn ọtí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má bu ife kankan fún un.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Ṣé akọ̀wé fẹ́ sọ ọjà di ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Rárá o. Bíà tútù ń wù mí mu nígbà ọdún. Mo sì mọ̀ pé owó iléèwé ọmọ ń tinú paraga jáde. Ìyá kan sọ fún mi pé bí òun ò bá ta á, ẹni tó wà lódìkejì gọ́tà á tà á. Òótọ́ ni. Ìdí tí mo fi ní kí ẹgbẹ́ ṣe é lófin fún gbogbo wa nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni má ta paraga fún awakọ̀ kó tó gbéra. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni kí wọ́n tà láàárọ̀, ẹni tó mutí mọ́jú ń fẹ́ ohun gbígbóná gan-an, ó sì máa rà á. Àwa tá a ní ẹrù náà, ká bi awakọ̀ léèrè ìgbà tó gbé ìgò sílẹ̀ lálẹ́ àná. Bí kò bá tíì dá lójú ẹ̀, kí ẹlòmíràn wà á, tàbí ká dúró.

Ẹlẹ́lùbọ́ ni mí, ọjà mi kì í rà lójú ọ̀nà, ó rọrùn fún mi láti sọ pé ká dúró. Tòmátì ò lè dúró di aago 11. Ta ló máa san owó èyí tó bá rà? Ṣé awakọ̀ ni, àbí ká yọ ọ́ nínú àpò ẹgbẹ́? Èmi fara mọ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní tòmátì. Kí àwọn alátòmátì wá sọ tiwọn níbi ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí àwọn onípáraga náà wá, kí wọ́n má rán ọmọ o.