‘Ó ti fẹ́ẹ̀ parí’ kì í ṣe èsì tó yẹ kí oníṣòwò gbà

Bí oníṣòwò bá gbéṣẹ́ sọ́fítíwíà fún àwọn tó ń ṣe é, yálà èyí tí yóò máa ka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ni o, tàbí èyí táwọn oníbàárà yóò fi máa sanwó, èsì kan náà ló sábà máa ń gbọ́ tó bá béèrè ibi tíṣẹ́ dé: “Ọ̀gá, ó ti fẹ́ẹ̀ parí, a kàn ń dán an wò ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò sọ nǹkan kan.

Ohun tójú báńkì TSB rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2018, wọ́n kó àkáǹtì oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún kúrò lórí kọ̀ǹpútà Lloyds bọ́ sórí tuntun. Kíá ni nǹkan dojú rú, ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí àkáǹtì wọn ṣí. Oṣù Kejìlá ni gbogbo rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Lọ́dún 2022, àwọn àjọ tó ń mójú tó báńkì bu ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù lé wọn.

Kì í ṣe pé wọn ò dán an wò. Ìwádìí táwọn agbẹjọ́rò Slaughter and May gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé ibùdó kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n fẹ́ lò, ẹyọ kan ni wọ́n dán wò bóyá yóò lè gba èrò. Àwọn olùdarí ò sì béèrè àwọn ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Iye ló yẹ kí oníṣòwò máa béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: àyẹ̀wò mélòó lẹ ní ẹ máa ṣe? Mélòó lẹ ti ṣe? Mélòó ló yege? Àléébù mélòó ló kù, èwo ló sì wúwo jù? Bí wọ́n bá ní 100 làwọn fẹ́ ṣe, tí wọ́n ti ṣe 60, tí 55 yege, iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún tó kùnà bá sì jẹ́ ti owó gbígbà, ó burú ju ogún àléébù tó jẹ́ ti àwọ̀ lásán lọ.

Bí àléébù bá ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, tàbí kí wọ́n yọ apá kan iṣẹ́ náà sílẹ̀ ná. Kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé látìbẹ̀rẹ̀, ohun tó gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó gba owó tó kù. Àmọ́ kí ọ̀gá má ṣe jágbe mọ́ ẹni tó mú ìròyìn burúkú wá, torí tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, onítọ̀hún á fi pamọ́ ni.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ báńkì lèyí. Rárá o. TSB san ìtanràn, ó sì ń tajà lọ lẹ́yìn náà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí àkáǹtì rẹ̀ bá dàrú lásìkò ọdún Kérésì lè má dìde mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìwé àjákọ àti bírò ló sì tó láti kọ iye wọ̀nyẹn sílẹ̀.