Ẹ Kọ Orúkọ Sí Ẹ̀yìn Àwòrán

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán ni kò fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀kan lè jẹ́ olùkọ́, èkejì akọ̀wé, ẹ̀kẹta aránṣọ. Ìgbà tí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí ni wọ́n tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ohun méjì ni wọ́n fẹ́ràn láti máa yà: àwọn ẹni mímọ́ inú ẹ̀sìn, àti ojú àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ̀. Iṣẹ́ wọn yẹ fún ọlá. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan wà tí ó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́: kí a má kọ orúkọ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ẹni tí ń yàwòrán nítorí ìfẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Àìná Ọnàbólú, tí a bí ní ọdún 1882. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ní Èkó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà, nípa wíwo àwọn àwòrán inú ìwé. Ní ọdún 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ọdún 1920 ni ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1920 kan náà, ó fi ọ̀dà olóròóró ya Dókítà Sàpárà. Àwọn tí ó wà nínú àwòrán wọ̀nyí ti kú tipẹ́, síbẹ̀ a mọ̀ wọ́n, nítorí pé orúkọ wọn ń bá àwòrán náà rìn.

Àwòrán ẹni mímọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́ yìí. Bí onígbàgbọ́ bá rí arúgbó tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó mọ̀ pé Pétérù ni. Bí ó bá rí áńgẹ́lì tí ó yọ idà, tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ dírágónì mọ́lẹ̀, ó mọ̀ pé Míkáẹ́lì ni. Kò sí ayàwòrán òde òní tí ó rí ojú wọn rí. Àmì ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó jókòó sórí àga nínú àwòrán kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní idà. Ojú rẹ̀ nìkan ni àmì rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó mọ ojú náà bá kú tán, ìyá náà yóò di àlejò nínú ilé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀dà olóròóró sì máa ń pẹ́. Àwọ̀ lúbúlúbú ni a pò mọ́ òróró, pàápàá òróró irúgbìn lin. Òróró yìí kì í gbẹ bí omi. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń le. Bí ọ̀dà bá nípọn, ó lè gba oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá le tán, tí a sì pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ oòrùn, èéfín àti ọ̀rinrin, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé àwòrán yóò pẹ́ láyé ju gbogbo àwọn tí ó mọ ẹni inú rẹ̀ lọ.

Àwòrán tí ó lókìkí jù lọ láyé pàápàá bá ìṣòro yìí pàdé. Leonardo da Vinci, ará Ítálì, ni ó ya obìnrin tí ayé ń pè ní Mona Lisa, tí àwòrán rẹ̀ wà ní Louvre ní Paríìsì. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn nípa ẹni tí obìnrin náà í ṣe. Ní ọdún 2005, ní ilé ìkàwé kan ní Heidelberg ní Jámánì, a rí ohun tí akọ̀wé kan ará Florence kọ sí etí ìwé rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1503: pé Leonardo ń ya Lisa del Giocondo lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ní etí ìwé ni ó pa iyàn púpọ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ju agbára ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ lọ. Kí ó yí àwòrán ilé rẹ̀ padà. Kí ó fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí ara igi tí a na aṣọ àwòrán mọ́, kí ó má kọ ọ́ sí ara aṣọ náà, nítorí pé títẹ̀ lè mú kí ọ̀dà sán. Kí ó kọ orúkọ ẹni tí a yà, ìlú rẹ̀, àti ọdún tí a yà á. Kí ó má gbàgbé orúkọ ayàwòrán. Kí olórí ìjọ ṣe bákan náà fún àwòrán tí ó wà nínú ilé ìjọsìn: ayé mọ Pétérù, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ọmọ ìjọ tí ó yà á?

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí kò jẹ́ kí ọmọ tuntun wà láìlórúkọ, kò yẹ kí ó jẹ́ kí àgbà wà láìlórúkọ lára ògiri.