Èébú Kì í Tún Iṣẹ́ Ṣe

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì, tí ó ti di ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Èkó, wá kí mi lọ́jọ́ kan. Ó fajú ro. Ó ní ọ̀gá tí ń yẹ iṣẹ́ òun wò kì í sọ ibi tí àṣìṣe wà. Èébú ni ó máa ń kọ sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn yóò ti kà á. Ó ti ń rò ó pé bóyá òun kò tilẹ̀ ní làákàyè tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Nígbà tí ó fi ẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí ó mú sùúrù, pé bí a ti ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn.

Ìmọ̀ràn yìí ni mo takò. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń buni ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pa òwe náà fún, kì í ṣe ẹni tí a ń bú.

Àwọn kan yóò ní bí ọ̀gá kò bá le, iṣẹ́ kò lè dára. Linus Torvalds ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, ẹni tí ó dá Linux sílẹ̀ ní ọdún 1991, èyí tí fóònù Android gbára lé. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ líle tí òun ń kọ sí ènìyàn kò tọ́. Ó tọrọ àforíjì, ó sì kúrò nídìí iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ó padà. Linux kò tìtorí èyí bàjẹ́. Bí aṣáájú wọn bá ti yí ohùn padà, kí ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń dúró dè?

Ìbẹ̀rù kì í pa àṣìṣe. Ó kàn ń fi í pamọ́ ni. Ní ọdún 1996, Amy Edmondson, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí àṣìṣe nínú lílo oògùn ní ilé ìwòsàn. Níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti lè sọ̀rọ̀ láìfòyà ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe ti pọ̀ jù. Àlàyé rẹ̀ ni pé wọn kò fi tiwọn pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò kọ̀ǹpútà: àṣìṣe tí ọmọ iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀ nítorí èébú, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni yóò ti hàn.

Mo sọ fún àlejò mi pé kí ó ṣa ìmọ̀ràn kúrò nínú èébú, bí a ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Kí ó bi ọ̀gá náà pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìlà wo ni àṣìṣe náà wà?" Kí ó tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sí i. Kí ó wá àgbà mìíràn nínú iṣẹ́ náà tí yóò wo iṣẹ́ rẹ̀ láìṣègbè. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí nǹkan kò bá yí padà, kí ó wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojo.

N kò ní kí a máa yin iṣẹ́ tí kò dára. Èmi náà ń fi bírò pupa ṣiṣẹ́. Mo ti kọ èébú sí abẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan rí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dára sí i. Ńṣe ni kò wá sí kíláàsì mi mọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.